Bí ẹ ṣe máa rí ínsúlà nínú ọpọlọ láì fà á ya

Nígbà tí píìnì bá wà lórí ínsúlà, apá ọpọlọ kan tó fara pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́, nínú ìdánwò steeplechase, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń dárúkọ ohun tí wọ́n fi píìnì sí, oríṣi ìdáhùn mẹ́ta ni mo sábà máa ń bá nínú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní Adó-Èkìtì. Àwọn kan á pè é ní ebè Heschl, ibi kan tó yọ sókè lórí apá ọpọlọ tó wà lẹ́bàá etí. Àwọn kan á mọ̀ pé ínsúlà ni, ṣùgbọ́n wọ́n á pe ebè gígùn ní ebè kúkúrú. Àwọn tó kù ò ní kọ nǹkan kan. Kì í ṣe pé wọn ò kàwé. Àwòrán inú ìwé ló ṣì wọ́n lọ́nà. Ẹni tó ya àwòrán yẹn ti gé gbogbo ohun tó bo ínsúlà kúrò kó tó yà á, ínsúlà wá yọ síta gbangba bí òkè Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́. Ọpọlọ tó wà nínú ike tiwa kò rí bẹ́ẹ̀, ó panu dé ni. Ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i á wo ìta rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tí àbọ̀ ọpọlọ wà níwájú rẹ̀, tó fẹ́ ṣí i, tó sì fẹ́ lè dárúkọ poro tó yí ínsúlà ká àti èyí tó là á láàrin. Ìpele tó kẹ́yìn wà fún ẹni tí kò ní ju àwòrán MRI lọ.

Kí a kọ́kọ́ fẹnu kò lórí orúkọ. Ojú ọpọlọ dà bí oko iṣu tí wọ́n ti kọ ebè sí. Ibi tó yọ sókè, tí ìwé ń pè ní gyrus, ebè ni mo máa pè é. Ibi tó jìn láàrin ebè méjì, tí ìwé ń pè ní sulcus, poro ni. Ẹni tó bá ti bá bàbá rẹ̀ lọ sóko rí kò nílò àlàyé ju ìyẹn lọ. Operculum, ìyẹn apá ọpọlọ tó yọrí bo ínsúlà, ọmọrí ni, gẹ́gẹ́ bí ọmọrí ìkòkò. Limen insulae, mo pè é ní ìloro, torí ibẹ̀ ni a ń gbà wọlé. Tí ẹ bá dé inú ìdánwò, orúkọ Látìnì ni kí ẹ kọ. Ebè àti poro wà kí ọ̀rọ̀ náà lè yé yín.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Àbọ̀ ọpọlọ kan tó ti pẹ́ nínú fọ́málíìnì, oògùn tí kì í jẹ́ kó rà, tó fi le dáadáa. Èyí tí kò tíì le máa ń fọ́ bí mọ́ínmọ́ín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú ìkòkò jáde. Tí ẹ bá rí àbọ̀ méjì, ó dára jù: ẹ ó gé ọmọrí ọ̀kan, ẹ ó sì dá èkejì sí.
- Ìbọ̀wọ́, ìbomú, àti yàrá tí fèrèsé rẹ̀ ṣí.
- Ọpọ́n tó gba ọpọlọ, pẹ̀lú omi mímọ́.
- Ẹ̀mú méjì: ọ̀kan tí ẹnu rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ fún bíbó awọ, ọ̀kan tí ẹnu rẹ̀ kò mú rárá.
- Igi pẹlẹbẹ méjì, irú èyí tí dókítà fi ń tẹ ahọ́n ẹni mọ́lẹ̀.
- Òwú, tọ́ọ̀ṣì, àti píìnì olórí aláwọ̀ mẹ́jọ.

Ẹ gbé ọpọlọ náà sínú omi lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ sì pààrọ̀ omi náà ní àárọ̀. Èyí máa dín agbára fọ́málíìnì kù. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá ń ta, tó ń sunkún, kò lè rí poro tí kò fẹ̀ ju okùn lọ.

Ọ̀rọ̀ kan kí ọwọ́ tó kàn án. Ẹnì kan ló ni ọpọlọ yìí nígbà ayé rẹ̀, ó sì ní ẹbí. Ẹ má ya fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp, ẹ má gbé e ṣeré. Tí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ yín bá gbà kí ẹ ya àwòrán fún ẹ̀kọ́, kó dúró síbi tí wọ́n gbà á fún.

1. Ẹ mọ iwájú, ẹ mọ ẹ̀yìn

Ẹ di ọwọ́ yín ní ìkúùkù, kí àtàǹpàkò sùn ti ẹ̀gbẹ́ ìka ìfábẹ̀là. Àtàǹpàkò yẹn ni apá ọpọlọ tó wà lẹ́bàá etí, temporal lobe. Ìka tó kù ni apá iwájú, frontal lobe, àti apá òkè, parietal lobe. Ojú ìlà tó wà láàrin àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀là ni poro ẹ̀gbẹ́, lateral sulcus, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Sylvian fissure. Ohun tí àtàǹpàkò yín tẹ̀ mọ́lẹ̀ tí ẹ kò rí, ibẹ̀ ni ínsúlà wà.

Ẹ gbé àbọ̀ ọpọlọ sínú ọpọ́n, kí ẹ̀gbẹ́ tó rí roboto wà lókè, kí ojú tí wọ́n gé sì wà nísàlẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* orí àtàǹpàkò gbọ́dọ̀ kọjú síwájú. Ẹ jẹ́ kí apá etí wà lọ́dọ̀ yín. Tí iwájú bá wà ní ọwọ́ òsì yín bí ẹ ṣe ń wò ó, àbọ̀ òsì ni. Tó bá wà ní ọ̀tún yín, àbọ̀ ọ̀tún ni. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

2. Ẹ rí poro ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀ka rẹ̀

Ibí ni àṣìṣe àkọ́kọ́ ti ń wáyé. Poro méjì ló ń lọ láti iwájú sí ẹ̀yìn ní ẹ̀gbẹ́ ọpọlọ, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bára dọ́gba. Ọ̀kan ni poro ẹ̀gbẹ́ tí a ń wá. Èkejì, tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ni poro òkè ti apá etí, superior temporal sulcus. Ẹni tó bá ṣí ti ìsàlẹ̀ yìí kò ní bá ínsúlà kankan níbẹ̀, yóò sì ti ba apá etí jẹ́ kó tó mọ̀.

Ẹ fi ìka tọ poro náà lọ síwájú. Poro ẹ̀gbẹ́ tòótọ́ kì í parí sí ẹ̀gbẹ́ ọpọlọ. Ó ń yí wọ abẹ́, láàrin orí apá etí àti ìsàlẹ̀ apá iwájú. Poro òkè ti apá etí kì í yí bẹ́ẹ̀, orí àtàǹpàkò ló ń parẹ́ sí.

Tí ẹ bá ti rí èyí tí a ń wá, ẹ wá ẹ̀ka rẹ̀ mẹ́ta. Èyí tó gùn jù ń lọ sẹ́yìn. Ẹ̀ka kékeré méjì wà níwájú, ọ̀kan nà tààrà síwájú, èkejì gòkè. Ẹ̀ka kékeré méjèèjì yìí gé ebè ìsàlẹ̀ ti apá iwájú sí mẹ́ta: pars orbitalis níwájú, pars triangularis láàrin, pars opercularis lẹ́yìn. Ẹ fi ojú sí pars triangularis dáadáa. Ó máa ń fà sókè díẹ̀, ó sì ń fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ ara rẹ̀. Àyè yẹn ló máa gbà wá.

*Àyẹ̀wò:* ẹ fi píìnì pupa sí abẹ́ ṣóńṣó pars triangularis. Ó yẹ kó jẹ́ ibi tí poro ẹ̀gbẹ́ ti fẹ̀ jù lọ.

3. Ẹ bó awọ aláǹtakùn

Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan nà gba orí poro kọjá láìwọ inú rẹ̀. Arachnoid lorúkọ rẹ̀, ó sì rí bí ilé aláǹtakùn lóòótọ́. Òun ló so ọmọrí òkè mọ́ ọmọrí ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá fipá ṣí poro nígbà tí awọ yìí ṣì wà, ẹran ọpọlọ ló máa kọ́kọ́ ya, torí awọ náà lágbára jù ú lọ.

Ẹ fi ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́ gbá a mú níbi píìnì pupa, kí ẹ máa bó o lọ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, nínú omi. Omi máa gbé awọ náà léfòó, ẹ ó rí etí rẹ̀. Iṣan tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà lè sùn lórí poro náà. Ẹ lè yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì fọwọ́ kan àwọn iṣan tó ti inú poro jáde wá. A máa nílò wọn láti mọ̀nà.

4. Ẹ ṣí ọmọrí

Ìpele yìí ló ń gba àkókò jù, ó sì yẹ kó gbà á.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti àárín poro ẹ̀gbẹ́. Níbẹ̀ ni ọmọrí òkè àti ti ìsàlẹ̀ ti wọ inú ara wọn bí eyín, ebè ti ìhín wọ poro ti ọ̀hún. Nígbà tí mo wà lọ́dún kejì, àárín yẹn gan-an ni mo ki ẹ̀mú bọ̀. Mo fà, ebè òkè ti apá etí já, ó sì gbé Heschl dání. Ọpọlọ kan ṣoṣo ni kíláàsì wa ní lọ́sẹ̀ yẹn. Àwọn tó kù lẹ́yìn mi kò rí Heschl wò, mi ò sì gbàgbé ojú tí wọ́n fi wò mí.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi píìnì pupa. Ẹ fi òwú tútù kékeré kan sí àyè tó wà lábẹ́ pars triangularis, kí ẹ rọra tì í wọlé. Òwú ń fa omi mu, ó ń wú, ó sì ń ya ọmọrí méjèèjì láìgé nǹkan kan. Ẹ dúró díẹ̀. Ẹ ki òwú kejì sí ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí àyè bá ti tó, ẹ fi igi pẹlẹbẹ kan gbé ọmọrí òkè, kí ẹnìkejì yín fi èkejì tẹ ọmọrí ìsàlẹ̀. Ẹ máa lọ sẹ́yìn bẹ́ẹ̀, ẹ kò gbọ́dọ̀ kánjú. Bí awọ bá tún so ibì kan, ẹ dúró kí ẹ gé awọ náà.

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀. Ilẹ̀ tí ẹ rí nísàlẹ̀, tó ní ebè tirẹ̀ tó yàtọ̀ sí ti ọmọrí, ínsúlà nìyẹn. Kò tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ojú ọpọlọ. Nínú oyún, gbangba ló máa ń wà níbẹ̀rẹ̀. Apá iwájú, apá òkè àti apá etí ló yára dàgbà jù ú lọ tí wọ́n fi bò ó. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ṣíṣí là ń ṣí ínsúlà, a kì í wa á bí ẹni ń wa kànga.

Tí ẹ bá ní àbọ̀ kejì, tí olùkọ́ yín sì gbà, ẹ gé ọmọrí tibẹ̀ kúrò. Ẹ gé ti òkè nìkan, kí abẹ dúró sí ìsàlẹ̀ poro tó pààlà ínsúlà, kó má wọ ínsúlà fúnra rẹ̀. Ẹ fi ọmọrí apá etí sílẹ̀, torí orí rẹ̀ ni Heschl wà, ẹ ó sì nílò rẹ̀ láti fi yàtọ̀ sí ebè gígùn.

*Àyẹ̀wò:* bí ẹ bá yọ igi, ọmọrí méjèèjì gbọ́dọ̀ padà sípò wọn láìsí ibi tó fà ya.

5. Ẹ wá ìloro

Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ebè lójú ẹsẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì kà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ìloro kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣìnà. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè sábà máa ń pe ebè kan ní orúkọ èkejì.

Ẹ yí ọpọlọ kí ẹ lè rí abẹ́ rẹ̀ díẹ̀. Ẹ wá ibi tí ihò wẹ́wẹ́ pọ̀ sí lẹ́yìn okùn òórùn, olfactory tract: anterior perforated substance nìyẹn. Láti ibẹ̀, ẹ fi ìka lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ ó kan òkè pẹlẹbẹ kékeré kan tó ga díẹ̀, tó sì tẹ̀ bí ẹnu ọ̀nà ilé ìbílẹ̀ tí wọ́n fi amọ̀ gbé sókè kí omi òjò má bàa wọlé. Ìloro nìyẹn. Bí ẹ bá ti kọjá rẹ̀, inú ínsúlà ni ẹ wà. Abẹ́ rẹ̀ ni okùn uncinate fasciculus gbà kọjá láti apá etí lọ sí apá iwájú.

Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá máa fi ibẹ̀ hàn yín. Middle cerebral artery ń bọ̀ láti abẹ́ ọpọlọ. Ó dé ìloro, ó ṣẹ́rí lọ sókè àti sẹ́yìn, ó sì sábà máa ń pín sí méjì ní àyíká ibẹ̀. Apá tó ṣáájú ìloro ni M1. Àwọn ẹ̀ka tó sùn lórí ínsúlà ni M2. Èyí tó gba abẹ́ ọmọrí ni M3, èyí tó jáde sí ojú ọpọlọ ni M4. Ẹ̀ka kéékèèké M2 ló ń bọ́ ínsúlà. Bí ẹ bá fa M2 sókè, ẹ ó rí wọn bí irun tó nà wọ inú ebè. Ẹ rọra, wọ́n tètè ń já.

*Àyẹ̀wò:* píìnì funfun lórí ìloro. Láti ibẹ̀, ó yẹ kí gbogbo ebè ínsúlà dà bí abẹ̀bẹ̀ tí ọwọ́ ìdìmú rẹ̀ wà lọ́dọ̀ píìnì yẹn. Bí abẹ̀bẹ̀ náà bá kọjú síbòmíràn, ẹ padà sí ìpele kìíní, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti ṣi iwájú mọ̀.

6. Ẹ tọ poro tó pààlà ínsúlà

Ọ̀pọ̀ ìwé ń pè é ní circular sulcus, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ á wá máa wá òbìrìkítí. Kò sí òbìrìkítí níbẹ̀. Onígun mẹ́ta ni ínsúlà, poro mẹ́ta ló pààlà rẹ̀, wọn kò sì pàdé yípo, torí àlàfo wà níbi ìloro. Mo fẹ́ràn orúkọ limiting sulcus jù, torí ó sọ iṣẹ́ tí poro náà ń ṣe.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti iwájú. Poro iwájú ló kúrú jù. Ó ya ínsúlà kúrò lára ọmọrí tó wà lókè ihò ojú. Ẹ tọ̀ ọ́ gòkè títí yóò fi dé igun kan, tó bá poro òkè pàdé. Poro òkè ló gùn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ń lọ sẹ́yìn lábẹ́ ọmọrí apá iwájú àti ti apá òkè, títí tó fi dé igun ẹ̀yìn. Níbẹ̀ ló pàdé poro ìsàlẹ̀. Poro ìsàlẹ̀ wá padà bọ̀ síwájú, láàrin ínsúlà àti ọmọrí apá etí, ó ń rọ̀ sọ́nà ìloro.

Ìkìlọ̀ lórí poro ìsàlẹ̀: inú ọpọlọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò nípọn. Temporal horn, ọ̀kan nínú àwọn yàrá omi ọpọlọ, wà nítòsí. Ẹni tó bá ki igi bọ poro yìí pẹ̀lú agbára lè já sínú yàrá omi. Ẹ fi òwú ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ fi igi sílẹ̀.

Bí ẹ kò bá ní ọpọlọ lọ́wọ́, ẹ fi amọ̀ mọ èyí. Amọ̀ ìkòkò bíi ti Ìsàn-Èkìtì dára fún un. Ẹ mọ onígun mẹ́ta tó yọ sókè láàrin, kí ẹ fi ìka la poro mẹ́ta yí i ká, kí ẹ fi àlàfo sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ iwájú, lẹ́yìn náà kí ẹ mọ ọmọrí mẹ́ta lé e. Ọwọ́ tó ti mọ ọ́n kì í tètè gbàgbé ibi tí àlàfo náà wà.

*Àyẹ̀wò:* ẹ fi orí píìnì tọ poro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìgbé e sókè. Ẹ gbọ́dọ̀ yí igun méjì, ọ̀kan níwájú lókè, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀nà yín sì gbọ́dọ̀ parí sí ìloro láìyí ká tán.

7. Ẹ wá poro àárín ínsúlà

Poro yìí ló pín ínsúlà sí iwájú àti ẹ̀yìn. Central sulcus ni wọ́n pè é, orúkọ kan náà pẹ̀lú poro ńlá ojú ọpọlọ, èyí sì ń fa ìdàrúdàpọ̀. Nínú ìdánwò, ẹ kọ central sulcus of insula ní kíkún.

Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ poro òkè, ó rọ̀ wá sísàlẹ̀ àti síwájú, ó sì ń darí sí ìloro. Òun ló sábà máa ń jìn jù nínú àwọn poro inú ínsúlà. Ẹ̀ka M2 kan sábà máa ń sùn sínú rẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ má yọ iṣan.

Ohun tó ń tan ènìyàn ni poro kan tó wà níwájú rẹ̀, precentral sulcus of insula. Nínú ọpọlọ mìíràn ó lè gùn, kó sì jìn tó ti àárín. Bí ẹ bá fi òun ṣe ti àárín, ebè kúkúrú tó kẹ́yìn máa di ebè gígùn lọ́wọ́ yín. Àṣìṣe tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ibí ló ti ń wá.

Ẹ lo ọ̀nà mẹ́ta pọ̀, ẹ má gbára lé ọ̀kan. Ẹ kọ́kọ́ wo poro àárín ojú ọpọlọ, èyí tó ya apá iwájú kúrò lára apá òkè. Bí ẹ bá fojú fa ìlà rẹ̀ wọ inú, ó máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ́wọ̀ọ́ rìn pẹ̀lú ti ínsúlà. Ẹ wá wo bí ilẹ̀ ṣe pọ̀ tó: apá iwájú ínsúlà gbọ́dọ̀ tóbi ju ti ẹ̀yìn lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹ̀yìn poro tí ẹ yàn. Ebè méjì tó gùn ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá bá mẹ́ta, ẹ ti mú precentral.

*Àyẹ̀wò:* píìnì dúdú sínú poro tí ẹ yàn, kí ẹnìkan tí kò bá yín ṣiṣẹ́ wá wò ó. Tí ó bá yan òmíràn, ẹ tún ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe papọ̀.

8. Ẹ wá dárúkọ ebè

Níwájú píìnì dúdú, ebè kúkúrú mẹ́ta: ti iwájú, ti àárín, ti ẹ̀yìn. Poro kékeré tí wọ́n ń pè ní short insular sulcus ya ti iwájú kúrò lára ti àárín, precentral ya ti àárín kúrò lára ti ẹ̀yìn. Lẹ́yìn píìnì dúdú, ebè gígùn méjì, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn, tí postcentral sulcus wà láàrin wọn.

Ebè kúkúrú àárín lè tín-ín-rín gan-an. Akẹ́kọ̀ọ́ á rí ńlá méjì, á ní ìwé purọ́. Ẹ gbé iṣan sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, ẹ ó rí i láàrin wọn. Ní ìsàlẹ̀ iwájú, àwọn ebè kúkúrú kó ara wọn jọ sí ojú kan, insular pole. Ìwé kan á tún dárúkọ ebè transverse àti accessory ní iwájú níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ọpọlọ ni wọ́n ti ń hàn dáadáa, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dà yín láàmú.

Heschl wá ńkọ́? Orí apá etí ló wà, lórí ọmọrí ìsàlẹ̀. Orí rẹ̀ ti inú dé ìdí poro ìsàlẹ̀ lápá ẹ̀yìn, ó wá dà bí ẹni pé òun àti ebè gígùn jẹ́ ọ̀kan. Ẹ bi ara yín léèrè: mo ha ti kọjá poro ìsàlẹ̀ bí? Bí ẹ bá ti kọjá rẹ̀ bọ́ sórí apá etí, Heschl ni. Bí ẹ kò bá tíì kọjá, ínsúlà ni.

*Àyẹ̀wò:* píìnì márùn-ún tó kù, ọ̀kan lórí ebè kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta níwájú dúdú, méjì lẹ́yìn. Ẹ yọ wọn, ẹ lọ mu omi, ẹ padà wá tún wọn gún láìwo ìwé.

9. Ẹ wo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀

Lórí àbọ̀ tí wọ́n gbà yín láyè láti gé nìkan. Ẹ fi ọ̀bẹ gígùn gé e láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan, kí ẹ má fi ṣe ayùn. Láti ínsúlà wọ inú, ẹ ó bá ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́, extreme capsule. Ìlà eléérú tẹ́ẹ́rẹ́, claustrum. Ìlà funfun mìíràn, external capsule. Lẹ́yìn náà putamen tó ṣókùnkùn, globus pallidus tó mọ́lẹ̀ díẹ̀ jù ú, àti internal capsule funfun tó nípọn. Claustrum ni gbogbo ènìyàn ń fò. Ẹ gbé bíbẹ́ náà sínú omi, ẹ tan iná láti ẹ̀gbẹ́, yóò hàn.

10. Ẹ rí i lórí MRI

Ẹni tí kò ní àwòrán lè gba 3D Slicer sórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni. Nínú Sample Data rẹ̀, ẹ yan MRHead, àwòrán orí ènìyàn kan ni. Ẹ gbà á sílẹ̀ nígbà tí iná àti dátà bá wà, torí lẹ́yìn náà kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Lórí irú àwòrán T1 yìí, omi dúdú, ìlà funfun ọpọlọ funfun, ebè jẹ́ eléérú.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sagittal, bíbẹ́ tó ń fi orí hàn láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti etí orí, kí ẹ máa wọlé díẹ̀díẹ̀. Poro ẹ̀gbẹ́ máa kọ́kọ́ hàn bí ìlà. Ọmọrí á máa parẹ́. Abẹ̀bẹ̀ onígun mẹ́ta á yọ. Ẹ dúró níbẹ̀. Ohun tí ẹ fi píìnì ṣe nípele keje àti ìkẹjọ, ẹ fi ojú tún un ṣe. Bí putamen bá ti yọ, ẹ ti kọjá.

Ní coronal, bíbẹ́ tó ń fi orí hàn láti iwájú, poro ẹ̀gbẹ́ rí bí lẹ́tà T tó dùbúlẹ̀: ìdí rẹ̀ wá láti ìta, orí rẹ̀ lé ínsúlà lára, apá òkè T ni poro òkè, apá ìsàlẹ̀ ni poro ìsàlẹ̀. Bí Heschl bá hàn lórí apá etí nínú bíbẹ́ kan, apá ẹ̀yìn ínsúlà ni ẹ ń wò níbẹ̀.

Ní axial, bíbẹ́ tó gé orí ní ìbú, ẹ wá èyí tí thalamus àti orí caudate, ìṣù eléérú méjì inú ọpọlọ, ti hàn pọ̀. Ínsúlà ni ìlà eléérú tó wà ní ìta putamen, tí omi dúdú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ má ka ebè níbí. Wọ́n fẹ̀gbẹ́ rìn, bíbẹ́ kan ṣoṣo lè fi díẹ̀ hàn kó fi ìyókù pamọ́.

Ẹni tó bá máa lọ sí wọ́ọ̀dù, bóyá ní Adó tàbí ní Ìdó-Èkìtì, ìlà eléérú yìí ló máa wò lórí CT ẹni tí ẹ̀gbà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lù. Bí M1 bá dí, ẹ̀jẹ̀ kì í dé ínsúlà dáadáa, àárín eléérú àti funfun á sì dàpọ̀ láàrin wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́, ó wà lára àmì tó máa ń tètè hàn. Òun ni wọ́n ń pè ní insular ribbon sign. Nínú òǹkà ASPECTS, tí wọ́n fi ń díwọ̀n bí ẹ̀gbà ṣe ba ọpọlọ jẹ́ tó lórí CT, máàkì mẹ́wàá lẹni tí kò sí àmì kankan lórí CT rẹ̀ máa ní, ibi mẹ́wàá ni wọ́n ń yẹ̀ wò, wọ́n sì ń yọ ẹyọ kan fún ibi kọ̀ọ̀kan tó bá ti bàjẹ́. Ínsúlà nìkan gba ẹyọ kan.

*Àyẹ̀wò:* ẹ fi àmì sí ebè gígùn ẹ̀yìn lórí sagittal, kí ẹ wo ibi tí àmì náà bọ́ sí ní coronal àti axial. Ní coronal ó gbọ́dọ̀ wà nínú bíbẹ́ tó ní Heschl tàbí èyí tó sún mọ́ ọn, ní ìhà ínsúlà lára poro ìsàlẹ̀, kì í ṣe lórí apá etí.

Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ yọ gbogbo píìnì, kí ẹ kà wọ́n. Ẹ yọ òwú kúrò nínú poro ẹ̀gbẹ́ pátá, kí ọmọrí padà pa dé. Ẹ dá ọpọlọ náà padà sínú fọ́málíìnì kó rì mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ kọ òsì tàbí ọ̀tún sára ike náà, kí ẹ sì kó gbogbo èérún awọ àti ẹran tó bọ́ sínú ọpọ́n sínú ike kan náà.